Láti Púùlù Àbújá sí Òkìtì Iyùn Etí Òkun: Bí Ẹ Ṣe Máa Mòòkùn Níbi Tí Omi Ò Jìn, Tí Ìgbì Sì Le

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Ẹnì kan kọ́ ìmòòkùn nínú púùlù òtẹ́ẹ̀lì ní Àbújá, ó yege, wọ́n fún un ní káàdì. Ó wọ bàálù, ó di Zanzibar, ó di Mombasa, tàbí Dahab nílẹ̀ Íjíbítì. Òkìtì iyùn tó fẹ́ lọ wò ò jìn ju mítà 8 lọ, kò sì ju mítà 150 lọ sí etíkun, ló bá ní kékeré nìyẹn. Ìgbì àkọ́kọ́ gbé e ṣubú, ìkejì já awò lójú rẹ̀. Kó tó dé ibi òkìtì náà, ìdajì afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà rẹ̀ ti lọ, èémí rẹ̀ ń sáré, ó sì ń léfòó bíi kèrègbè. Kò rí ẹja kan tó fi padà sí etíkun.

Kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Púùlù ò ní ìgbì, ibi tí omi ò sì ti jìn gan-an ni ìgbì ti ń ṣiṣẹ́ jù. Ẹni tó ti ní káàdì la kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún. Kò lè rọ́pò olùkọ́, ẹni tí kò bá sì tíì mòòkùn rí ò gbọdọ̀ fi í wọ omi.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

- Aṣọ rọ́bà: nínípọn mm 3 tó fún Zanzibar àti Mombasa. Fún Dahab láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta, ẹ mú ti mm 5, torí omi ibẹ̀ lè tutù dé 22°C.
- Bàtà rọ́bà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn, àti lẹbẹ́ ẹsẹ̀ tó ní bẹ́líìtì lẹ́yìn gìgísẹ̀. Èyí tí wọ́n ń ki ẹsẹ̀ lásán bọ̀ ò dára fún wíwọ omi láti etíkun, torí òkúta àti òòrẹ̀ òkun (ẹran omi kékeré tí ẹ̀gún bò lára) wà nílẹ̀.
- Awò omi méjì. Èyí tó bá já ò ṣe é rán lórí iyanrìn.
- BCD (jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí kó lè gbé èèyàn léfòó), régúlétọ̀ (èyí tí wọ́n ń fi sẹ́nu mí afẹ́fẹ́ sìlíńdà) tó ní ẹnu kejì fún ẹni tí ẹ jọ ń lọ, àti géèjì tó ń sọ iye afẹ́fẹ́ tó kù, tó sì ṣe é kà dáadáa.
- Sìlíńdà lítà 11 tó kún dé bar 200 (bar ni wọ́n fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe fún pọ̀ tó nínú rẹ̀). Níbi tí ẹ ń lọ ni kí ẹ ti yá a. Ẹ wo déètì ìdánwò tí wọ́n tẹ̀ sí ọrùn rẹ̀ pé kò tíì ju ọdún 5 lọ.
- Òjé tí wọ́n ń dì mọ́ra kí èèyàn lè rì: oníkílò kan kan, pẹ̀lú oní-ìdajì kílò méjì.
- Kọ́ńpáàsì, kọ̀ǹpútà ọrùn ọwọ́, fèrè, bàlúùnù aláwọ̀ omi ọsàn tí wọ́n fi ń ṣàmì, àti ọ̀bẹ kékeré, nítorí àwọ̀n apẹja.
- Fúláàsìkì omi gbígbóná kan, àti èèyàn kan tó máa dúró sórí ilẹ̀ pẹ̀lú fóònù, tó sì mọ aago tó yẹ kí ẹ jáde.

Ìkìlọ̀ kan fún àwa tí à ń gbé Àbújá: ẹ má ṣe gbé sìlíńdà ìmòòkùn lọ sọ́dọ̀ ajórin tàbí fọkanáísà pé kí wọ́n bá yín rọ ọ́. Ọ́síjìn pọ́nbélé ló wà lọ́wọ́ ajórin. Ọ́síjìn yẹn lè gbiná mọ́ régúlétọ̀, ó sì máa ń di májèlé lára èèyàn tó bá ti kọjá mítà 6 nísàlẹ̀ omi. Ẹ̀rọ fọkanáísà ní tirẹ̀ ń da òórùn ọ́ìlì àti èéfín pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́, kò sì lágbára tó máa dé bar 200 rárá. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún afẹ́fẹ́ mímí nìkan ni kí ẹ gbà.

Ìpele 1: Ẹ yanjú òjé àti èémí yín nínú púùlù, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 3 kí ẹ tó gbéra

Púùlù ni kí ẹ lò, ẹ má ṣe lọ Jabi Lake. Ọkọ̀ ojú omi ń kọjá níbẹ̀, omi rẹ̀ sì rú.

Orí òjé ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kùnà. Ẹ wọ gbogbo ohun tí ẹ máa wọ lókun, títí kan aṣọ rọ́bà, kódà bí oòrùn bá mú. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ sìlíńdà kù sí bar 50. Ẹ dúró lóòró níbi tí ẹsẹ̀ ò ti kanlẹ̀, ẹ tú gbogbo afẹ́fẹ́ BCD dànù, ẹ mí sínú níwọ̀nba. Tí omi bá dúró sí ọ̀gangan ojú yín, tí ẹ sì rì díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń mí jáde, òjé yín pé. Tí gbogbo orí bá ṣì yọ síta, ẹ fi kílò 1 kún un. Tí ẹ bá rì kí ẹ tó mí jáde, ẹ yọ kílò 1.

Tó bá jẹ́ sìlíńdà tó kún ni ẹ fi ṣe é, ẹ fi kílò 2 kún ohun tí ẹ rí. Afẹ́fẹ́ wúwo: bar 150 nínú sìlíńdà lítà 11 tó bíi kílò 2, gbogbo rẹ̀ ni ẹ sì máa ti mí tán nígbà tí ẹ bá ń padà bọ̀ wá bá ìgbì.

Ó ku ti iyọ̀. Omi púùlù ò gbé èèyàn tó omi òkun. Ẹ gun ìwọ̀n pẹ̀lú gbogbo ẹrù náà lára, òjé àti sìlíńdà. Tí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ kílò 100, ẹ fi kílò 2.5 kún òjé fún Òkun Íńdíà, tàbí kílò 3 fún Òkun Pupa tí iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ ju ti ibòmíràn lọ. Nítorí ìgbì, ẹ tún fi kílò 1 péré lé e.

Kílò 1 péré la wí. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn di kílò 4 tàbí 5 mọ́ra kí ìgbì má baà gbé e. Òjé tó pọ̀ jù á mú kí ẹ máa fẹ́ afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú BCD, afẹ́fẹ́ yẹn ló sì máa dà yín láàmú. Tí ìgbì bá gbé yín láti mítà 4 sí mítà 2, afẹ́fẹ́ inú BCD á wú ní ìdá kan nínú mẹ́fà. Láti mítà 20 sí 18, ìdá kan nínú mẹ́rìnlá péré ni. Ìrìn mítà 2 kan náà ni, àmọ́ ti òkè le ju ti ìsàlẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì àti jù bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn òjé, ẹ ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí títí wọ́n á fi mọ́ yín lára:

1. Ẹ yọ awò, kí ẹ máa fi régúlétọ̀ mí fún ìṣẹ́jú 2, ojú sí omi. Omi á wọ imú. Ẹ máa fi imú tì í jáde, ẹ fi ẹnu nìkan mí sínú.
2. Kí ẹnìkejì máa fi ọwọ́ tì yín síwá sẹ́yìn ní ìsàlẹ̀ púùlù, kí ẹ sì wá régúlétọ̀ tó já lẹ́nu yín, kí ẹ dá a padà. Ẹ máa fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ jáde lẹ́nu ní gbogbo ìgbà tí kò bá sí régúlétọ̀ lẹ́nu.
3. Nínú omi tó dé ìbàdí, ẹ di èjìká ara yín mú, ẹ wọ lẹbẹ́ ẹsẹ̀ méjèèjì láàárín ìṣẹ́jú àáyá 20.
4. Ẹ dúró sí mítà 1.5 láìkanlẹ̀, láìyọ sókè, láìfi ọwọ́ wẹ̀, fún ìṣẹ́jú 3.

Ẹ tún wọn èémí yín. Ẹ ka géèjì, ẹ wẹ̀ jẹ́jẹ́ ní mítà 2 fún ìṣẹ́jú 10, ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ká ní bar 20 ló lọ: 20 lọ́nà 11 jẹ́ lítà 220, lítà 22 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ pín in sí 1.2 nítorí ìjìn omi, ó kù bíi lítà 18. Ẹ kọ iye tiyín sílẹ̀, a máa lò ó.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: tí ìdúró mítà 1.5 yẹn ò bá tíì ṣe é ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta tẹ̀léra, ẹ ò tíì ṣe tán. Ẹ sún ìrìn àjò síwájú. Owó tíkẹ́ẹ̀tì ṣe é rí padà.

Ti ọyẹ́ ńkọ́? Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta ni atẹ́gùn kaskazi máa ń fẹ́ ní etíkun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ìgbà náà lòkun ibẹ̀ ń rọ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni ọyẹ́ ń mú wa ní Àbújá, tí imú gbogbo wa ń dí. Ẹ má ṣe fi oògùn tó ń la imú mòòkùn. Agbára rẹ̀ lè tán nígbà tí ẹ wà nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ á há sínú etí, ìlù etí sì lè bẹ́ nígbà tí ẹ bá ń gòkè. Tí ẹ bá fún imú pọ̀, tí ẹ fẹ́ ẹ jẹ́jẹ́, tí etí kan ò sì dún pọ́, ẹ ò gbọdọ̀ wọ omi lọ́jọ́ yẹn.

Ìpele 2: Ẹ ka òkun fún ìṣẹ́jú 20 kí ẹ tó wọ aṣọ

Gíga ìgbì nìkan ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wò. Àlàfo tó wà láàárín ìgbì kan àti èkejì ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ wá àpáta kan tàbí òpó kan tí ìgbì ń kọlù, ẹ fi aago fóònù ka iye ìṣẹ́jú àáyá tí ìgbì 11 fi kọlù ú, láti orí ti àkọ́kọ́, kí ẹ sì pín in sí 10.

Ẹ mú àlàfo yẹn, ẹ fi í lọ́po ara rẹ̀, ẹ sì fi 1.56 lọ́po rẹ̀: gígùn ìgbì náà lójú agbami nìyẹn, ní mítà. Ìgbì máa ń da omi rú títí dé ìjìn tó jẹ́ ìdajì gígùn rẹ̀. Àlàfo ìṣẹ́jú àáyá 4 jẹ́ mítà 25, ó ń dé mítà 12 nísàlẹ̀. Àlàfo 8 jẹ́ mítà 100, ó ń dé mítà 50. Nítorí náà, lórí òkìtì tó wà ní mítà 6, kò síbi tí ẹ fẹ́ sá sí.

Ẹ wo ìyàtọ̀ náà dáadáa. Ìgbì mítà 1 tí àlàfo rẹ̀ jẹ́ 5 máa ń ti èèyàn síwá sẹ́yìn bíi ìdá méje nínú mẹ́wàá mítà, ní ìsàlẹ̀ omi tó jìn ní mítà 6. Tí àlàfo bá di 10, gíga kan náà á máa gbé yín lọ bíi mítà 2, á sì máa dá yín padà. Lójú ẹni tó dúró ní etíkun, ìkejì yìí ló dà bíi pé ó rọlẹ̀, torí ó ń pẹ́ kó tó dé. Ibi tó ti ń tan èèyàn jẹ nìyẹn.

Ìgbì máa ń fọ́ níbi tí ìjìn omi bá tó gíga rẹ̀ lọ́nà 1.3. Ìgbì mítà 1 á fọ́ níbi tí omi dé ọ̀gangan àyà èèyàn gíga. Ibẹ̀ lẹ gbọdọ̀ là kọjá pẹ̀lú kílò 20 ẹrù. Ní tiwa, ẹni tí kò tíì mòòkùn lókun tó ìgbà 20 kò gbọdọ̀ wọlé tí ìgbì tó ń fọ́ bá ju ìdajì mítà lọ, tàbí tí àlàfo bá ju 8 lọ. Ẹni tó ti mọ́ lára lè dé mítà 1. Tó bá kọjá ìyẹn, ẹ lọ jẹun.

Omi kíkún àti omi fífà náà ńkọ́? Ní Dahab, kò fi bẹ́ẹ̀ kan yín, omi ibẹ̀ kì í gùn kì í sọ̀ tó mítà kan. Ní Zanzibar, ó lè lọ sókè sódò tó mítà 4. Ẹni tó bá ń ka oṣù Hijira ti ní kàlẹ́ńdà lọ́wọ́: ní nǹkan bí ọjọ́ 1 sí 3 àti 15 sí 17, omi á kún jù, á sì fà jù, ní nǹkan bí ọjọ́ 8 àti 22, á rọra. Ẹ yan ọjọ́ tó rọra. Ẹ wọlé ní ìṣẹ́jú 45 ṣáájú ìgbà tí omi bá kún dé góńgó, kí ẹ lè jáde kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà gidi. Tí omi bá ti fà, orí òòrẹ̀ òkun àti iyùn lẹ máa fẹsẹ̀ rìn.

Ẹ wá ojú ọ̀nà tí omi gbà ń padà sí agbami: ibi tí ìgbì kì í ti fọ́, tí omi dúdú díẹ̀ tàbí tó rú, tí fóòmù sì ń ṣí lọ síta. Ẹ lè bá a jáde sí òkìtì. Ẹ má ṣe bá a padà wálé.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: kí ẹ tó wọ aṣọ, kí ẹni kọ̀ọ̀kan yín lè tọ́ka sí ibi ìwọlé, ibi ìjáde, àti ibi ìjáde kejì tí ti àkọ́kọ́ bá bàjẹ́. Tí ìka yín ò bá tọ́ sí ibì kan náà, ẹ tún jókòó.

Ìpele 3: Wíwọlé

Ẹ yẹ ara yín wò lórí ilẹ̀ gbígbẹ: BCD, òjé, àwọn ìdè, afẹ́fẹ́ (ẹ mí lẹ́ẹ̀mẹ́rin nínú régúlétọ̀, ojú lórí géèjì, tí ọwọ́ géèjì bá ń gbọ̀n, ẹnu sìlíńdà ò tíì ṣí tán). Ẹ fẹ́ BCD dé ìdajì. Awò lójú, régúlétọ̀ lẹ́nu, láti ibi tí omi ti kan ọrùn ẹsẹ̀. Kì í ṣe ìgbà tí ìgbì bá ti dé.

Ẹ ti ka ìgbì: àwọn ńlá máa ń dé pọ̀, mẹ́ta, mẹ́rin, kí àwọn kéékèèké tó tẹ̀ lé wọn. Bí ńlá tó kẹ́yìn ṣe ń fọ́ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ kojú òkun, ẹsẹ̀ yà, orúnkún tẹ̀, ọwọ́ kan lórí awò àti régúlétọ̀, ìkejì lọ́wọ́ ẹnìkejì yín. Ẹ wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, ẹ má ṣe gbé e sókè. Tí ìgbì bá ń bọ̀, ẹ dúró, ẹ fara tì í. Tó bá kọjá, ẹ rìn. Bí omi bá ti dé ìbàdí, ẹ wọ lẹbẹ́ ẹsẹ̀ bí ẹ ṣe ṣe é ní púùlù, ẹ dojú bolẹ̀, kí ẹ máa wẹ̀. Ẹ má ṣe dúró sójú ibi tí ìgbì ti ń fọ́ láti tún nǹkan kan ṣe.

Tí ẹ bá ṣubú, ẹ má ṣe gbìyànjú láti dìde. Ìgbì tó ń bọ̀ á tún gbé yín lulẹ̀, orúnkún ló sì máa ń fara gbá a. Ẹ máa mí, ẹ ra kòrò lọ sí iwájú tàbí sí ẹ̀yìn, ọ̀kan nínú méjèèjì.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ní mítà 20 sí ẹ̀yìn ibi tí ìgbì ti ń fọ́, ẹ dúró lójú omi. Ẹ ka géèjì. Tí afẹ́fẹ́ tó ti lọ bá ju bar 20, tàbí tí èémí ò rọlẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 2, ẹ padà. Ìmòòkùn ọjọ́ náà ti parí, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀.

Ìpele 4: Nísàlẹ̀

Orí iyanrìn ẹ̀gbẹ́ òkìtì ni kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí, ẹsẹ̀ ṣáájú, kí ẹ máa la etí ní gbogbo ìdajì mítà. Orí òkìtì fúnra rẹ̀ ni ìgbì ti le jù. Tí ẹ bá bọ́ síbẹ̀, ẹ máa ba iyùn jẹ́, iyùn á sì ya ara yín.

Ẹ má bá ìgbì jà. Tó bá ń tì yín síwájú, ẹ fi lẹbẹ́ gbá omi kí ẹ sì bá a lọ. Tó bá ń fà yín sẹ́yìn, ẹ dúró, ẹ na ara gbọọrọ, ẹ jẹ́ kó fà yín díẹ̀. Ẹ wo àwọn ẹja kéékèèké tó wà níbẹ̀: gbogbo wọn ń lọ, gbogbo wọn ń bọ̀, bí ọ̀nà tí àwọn olùjọ́sìn gbà ń mì sí ẹ̀gbẹ́ kan papọ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí ẹ ṣe. Ẹ jìnnà sí òkìtì ní ìlọ́po méjì ìwọ̀n tí ìgbì ń gbé yín.

Ìkìlọ̀ tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ìtọ́sọ́nà yìí: ẹ má ṣe dá èémí dúró. Tí ìgbì bá gbé ẹni tó dá èémí dúró sókè, mítà kan àti díẹ̀ péré ti tó láti fa ẹ̀dọ̀fóró ya. Ẹ máa mí wọlé, ẹ máa mí jáde, láìdákẹ́.

Omi lè rú débi pé ẹ ò rí ju mítà 3 lọ. Ẹ sún mọ́ ara yín débi tí ọwọ́ lè kan ọwọ́. Tí ẹ bá sọ ara yín nù, ẹ wá ara yín fún ìṣẹ́jú 1, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀, kí ẹni kọ̀ọ̀kan sì gòkè pàdé lójú omi. Láti mọ ọ̀nà ilé, ẹ wo iyanrìn: ìgbì ti fa ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sórí rẹ̀ bí ebè oko, àwọn ìlà náà sì sábà máa ń na gbọọrọ bá etíkun lọ. Ẹni tó bá ń là wọ́n kọjá ń lọ sílé tàbí ó ń lọ sí agbami. Kọ́ńpáàsì ló máa sọ èwo ni.

Ẹ wá lo iye èémí yín. Lítà 18 lọ́nà 1.8, nítorí ìjìn mítà 8, jẹ́ lítà 32; ẹ pín in sí lítà 11 ti sìlíńdà, ó jẹ́ bíi bar 3 ní ìṣẹ́jú kan. Nínú ìgbì, ẹ kà á sí 6. Tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ní bar 200, ẹ yí padà ní 150. Bar 50 á gbé yín lọ fún ìṣẹ́jú 8 sí 16, òmíràn á gbé yín bọ̀, ìyókù jẹ́ ti ìgbì etíkun àti ti ẹnìkejì yín tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

Ìpele 5: Jíjáde

Ẹ gòkè sí ẹ̀yìn ibi tí ìgbì ti ń fọ́, kì í ṣe inú rẹ̀, pẹ̀lú ó kéré tán bar 70. Ẹ má ṣe yára ju mítà 9 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ fẹ́ BCD, régúlétọ̀ ṣì wà lẹ́nu, kí ẹ wo ìgbì fún ìṣẹ́jú 3 sí i. Ó ti lè yí padà.

Tó bá ṣì dára, ẹ dúró kí ńlá tó kẹ́yìn kọjá lábẹ́ yín, ẹ wẹ̀ tẹ̀ lé ẹ̀yìn rẹ̀ kíákíá, ojú bolẹ̀. Ẹ má ṣe dìde nígbà tí omi bá dé àyà, tàbí ìbàdí pàápàá. Ẹ máa wẹ̀ títí àyà yín á fi kan iyanrìn, kí ẹ wá fi ọwọ́ àti orúnkún ra jáde. Níbẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń yọ régúlétọ̀ torí ayọ̀ pé àwọn ti délé, ìgbì sì máa ń bá wọn lẹ́yìn. Kó wà lẹ́nu títí ẹ ó fi dé ilẹ̀ gbígbẹ.

Tí ìgbì bá ti dàgbà jù, ẹ má fipá jáde. Ẹ fẹ́ BCD kún, ẹ na bàlúùnù sókè, ẹ fun fèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ sì wẹ̀ bá etíkun lọ sí ibi ìjáde kejì. Tí ẹ bá kó sínú omi tó ń padà sí agbami, ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ wẹ̀ sí, ẹ má ṣe kojú rẹ̀.

Ẹni tí òòrẹ̀ òkun tàbí ẹja olóró gún: kó ki ibẹ̀ bọ omi gbígbóná tí kò ju 45°C lọ fún ìṣẹ́jú 30 sí 90. Ẹni tí ara rẹ̀ dá ni kó fi ọwọ́ dán omi náà wò, torí ẹsẹ̀ tó ń ro èèyàn kì í mọ gbígbóná tó ń bó awọ. Lẹ́yìn náà, ó di ilé ìwòsàn.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ka ara yín pé, ẹ kọ géèjì sílẹ̀, ẹ sọ fún ẹni tó dúró lórí ilẹ̀ pé ẹ ti jáde.

Ìpele 6: Bàálù padà sí Àbújá

Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ mòòkùn, ẹ dúró fún wákàtí 12 kí ẹ tó wọ bàálù. Tó bá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, tàbí ọjọ́ púpọ̀, wákàtí 18. Ẹni tó jáde lómi ní aago 12 ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ò gbọdọ̀ wà lókè kó tó di aago 6 àárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ẹ wò ó lórí tíkẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó rà á. Tí oríkèé bá ń ro yín, tí ara ń kú tàbí tí òòyì ń kọ́ yín, ẹ má ṣe wọ bàálù náà, ẹ lọ rí dókítà níbẹ̀ kí ẹ sì sọ fún un pé ẹ mòòkùn.